Ṣé òótọ́ ni pé páráṣúùtì ò wúlò, àbí àwọn dókítà ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni?

Akin_Ọ̀yọ́:
Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ wà ńbí, ẹ gbà mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ló gbé nǹkan sórí WhatsApp ẹbí wa láàárọ̀ yìí, pé àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti ṣèwádìí, ẹni tó gbé páráṣúùtì kọ́yìn kó tó bẹ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú àtẹni tí ò gbé e, bákan náà lọmọ ń ṣorí, kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó fara pa. Mo ní irọ́ ni, ni wọ́n bá fi ìwé yẹn gan-an ránṣẹ́, mo wá rí i pé BMJ ni, jọ́nà ìṣègùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ti wà láti 1840! Wọ́n ní ṣé mo ti wá rí i, bí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára náà ṣe rí nìyẹn, kò sóhun táwọn dókítà mọ̀. Ẹnu mi wọhò. Ṣé àwọn ọmọ Yahoo ló já wọ sáìtì wọn ni àbí báwo?

Dókítà_Alẹ́:
Kò sọ́mọ Yahoo kankan níbẹ̀ bùrọ̀dá mi. Ìwádìí yẹn wà, wọ́n sì bẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wo ìgbà tó jáde, December 2018. Gbogbo Kérésìmesì ni BMJ máa ń fàyè sílẹ̀ fún ìwádìí ẹlẹ́fẹ̀, àmọ́ ìṣirò inú ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ o. Robert Yeh àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ṣe èyí. Wọ́n yẹ èèyàn 92 wò, 23 péré ló wọ inú ẹ̀, wọ́n ṣẹ́ kèké fún wọn, àwọn kan gbé páráṣúùtì, àwọn kan gbé báàgì lásán, wọ́n bẹ́, kò síyàtọ̀. Àṣírí ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ òfuurufú yẹn ò gbéra ńlẹ̀ rárá, ibi tí wọ́n páàkì ẹ̀ sí ló wà, ibi tí wọ́n ti bẹ́ ò ju nǹkan bíi 0.6 mítà lọ, kò tó gíga tábìlì oúnjẹ! Àwọn tí wọ́n lọ bá lókè lọ́hùn-ún nígbà tí ọkọ̀ ń fò pé kí wọ́n wá bẹ́, ta ni ò ní kọ̀? Ohun tí wọ́n sì ń sọ fún àwa dókítà gan-an nìyẹn, pé tó bá jẹ́ àwọn tí ewu ò kàn nìkan ló gbà láti wọnú ìdánwò oògùn kan, ńṣe ni oògùn yẹn á dà bíi pé kò ṣiṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere, ẹni tó bá ka àkọlé nìkan ni ò ní rí i.

Ní 2003 gan-an, Smith àti Pell ti wá gbogbo ibi bóyá ẹnì kan tiẹ̀ ti fi páráṣúùtì ṣe irú ìdánwò kèké yẹn rí, wọn ò rí ẹyọ kan, ni wọ́n bá ní káwọn tó ń pariwo pé ohun tí ò bá ti sí ìdánwò fún ò ṣeé gbà, kí wọ́n ṣètò ẹ̀, káwọn fúnra wọn wá bẹ́ 😂

Ìyá_Ìbejì_Peckham:
Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lèmi ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, tèmi ni ìwádìí ṣokoléètì inú BMJ yẹn náà, 2013. Wọ́n gbé páálí Quality Street àti Roses sí wọ́ọ̀dù hospital níbí, wọ́n wá ní kẹ́nì kan máa yọ́ wo ẹni tó ń mú. 258 ni wọ́n ṣọ́, 191 ló wọ ikùn, kò ju ìṣẹ́jú 51 lọ tí ìdajì fi lọ. Wọ́n ní àwa nọ́ọ̀sì jẹ ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ náà 28, dókítà 15. Wọ́n fẹ́ bà wá lórúkọ jẹ́ ni jàre, ṣebí àwa la wà ní wọ́ọ̀dù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, dókítà á kàn kọjá fìrì ni.

Ti ṣíbí tíì náà wà o, Burnet Institute, iléeṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn kan ní Melbourne, Australia, 2005. 70 ni wọ́n sàmì sí, oṣù márùn-ún, 56 ti dàwátì! Wọ́n ṣírò ẹ̀ pé kí 70 tó lè máa wà ńlẹ̀, wọ́n á máa ra nǹkan bí 250 lọ́dọọdún. Níbi iṣẹ́ tèmi, mo mọ ẹni tó ń kó wọn, mi ò kàn fẹ́ dárúkọ ni.

Àgbà_Òṣogbo:
Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ibà ń pa ọmọ wa, àwọn kan jókòó wọ́n ń ka ṣíbí. Owó ta ni wọ́n ń ná?

Dókítà_Alẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ibà tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn gan-an, Bart Knols, ará Netherlands, ló kíyè sí i pé ẹsẹ̀ ni ẹ̀fọn Anopheles gambiae, èyí tó ń gbé ibà kiri lọ́dọ̀ wa, fẹ́ràn láti jẹ. Ó wá mú wàràkàṣì kan tí wọ́n ń pè ní Limburger, tó ń rùn bí ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìbọ̀sẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀fọn bá ń sáré tọ̀ ọ́. Kòkòrò tíntín tó ń mú wàràkàṣì yẹn rùn bá èyí tó wà lẹ́sẹ̀ wa tan. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Ig Nobel, ẹ̀bùn ìwádìí tó ń pani lẹ́rìn-ín kó tó múni ronú, ní 2006. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń fa ẹ̀fọn lè fi dẹ pàkúté fún un, ẹ ò rí i pé kì í ṣe owó dànù.

Olùfẹ́_Àdúrà:
Ti àdúrà ńkọ́? BMJ kan náà, 2001, Leibovici ní Israel. Aláìsàn 3393 tí àrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn láàárín 1990 sí 1996, ní 2000 wọ́n pín wọn sọ́nà méjì wọ́n gbàdúrà fún apá kan, àwọn yẹn ni ara gbígbóná wọn tètè lọ tí wọ́n sì tètè kúrò ní hospital. Àdúrà 2000 ṣiṣẹ́ sẹ́yìn títí dé 1990! Èyí ò ṣeé fi ṣẹ̀fẹ̀ o.

Dókítà_Alẹ́:
Mi ò bá yín du àdúrà o. Àmọ́ kí wọ́n tó gbà á, àwọn kan ti lọ sílé tipẹ́, àwọn mìíràn ti kú. Leibovici fúnra ẹ̀ ló wá ṣàlàyé pé òun fẹ́ mọ̀ ni, tí ìṣirò bá ti pé, ṣé a máa gba nǹkan tí ò lè ṣẹlẹ̀ gbọ́? Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé àwọn Cochrane, àwọn tó ń ṣa ìwádìí jọ tí gbogbo wa gbójú lé, kó ìwádìí Leibovici yìí mọ́ ìwádìí gidi nínú àkójọ wọn lórí àdúrà, títí àwọn kan fi figbe ta ní 2009.

Akin_Ọ̀yọ́:
Haa! Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà ń kó sí i. Ẹ ṣeun gan-an ni.

Ìyá_Ìbejì_Peckham:
Ẹ ò tíì gbọ́ ti Lego, 2018. Àwọn mẹ́fà tó ń tọ́jú ọmọdé ní hospital gbé orí ọmọlangidi Lego, ike ìṣeré ọmọdé, mì, wọ́n wá ń tú ìgbẹ́ wọn wò, nǹkan bí ọjọ́ 1.71 ló fi jáde, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn ò rí tiẹ̀ rárá 🤣. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ kékeré nílé, Lego nìyẹn o. Bátìrì róbótó kékeré inú rìmóòtù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó máa ń jó ọ̀nà ọ̀fun ni, tọ́mọ bá gbé e mì ẹ má dúró wo ìgbẹ́ kankan, hospital ni kíákíá.