Ǹjẹ́ ó yẹ kí n jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa nígbà tí èmi àti arábìnrin mi kò bá ara wa sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè: Aláàdìrẹ, Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín. Àdìrẹ ni mo ń ṣe, iṣẹ́ tí mo bá lọ́wọ́ ìyá mi ni. Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn, arábìnrin kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wá bá mi pé òun fẹ́ máa ta aṣọ ní Ọjà Ọba, ṣùgbọ́n kò sí owó lọ́wọ́ òun. Mo kó aṣọ tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦60,000 fún un láwìn, n kò sì bá a kọ ìwé kankan, nítorí mo gbà pé ẹni tí a jọ ń kọrin kò ní já mi kulẹ̀. ₦15,000 ni ó san. Láti ìgbà náà kì í gbé ìpè mi mọ́, bí ó bá sì rí mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn, ẹ̀gbẹ́ kejì ni ó ń gbà.

Ohun tí ó ń dùn mí jù kì í ṣe owó náà. Ní Ọjọ́rú kan, níbi ìpàdé àdúrà ẹgbẹ́ obìnrin, wọ́n ní kí olúkúlùkù sọ ohun tí ó fẹ́ kí a bá òun gbàdúrà sí, mo sì ní kí wọ́n bá mi bẹ Olúwa kí ẹni tí ó jẹ mí lówó lè san án. N kò dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan béèrè bóyá ará ìjọ wa ni, mo sì dáhùn pé akọrin ni. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo ìjọ ti mọ ẹni tí mo ń bá wí, òun náà sì ti fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ń bọ̀ ni a óò jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Ṣé kí n jẹ ẹ́ ni, tàbí kí n jókòó sẹ́yìn?

Ìdáhùn 1: Arákùnrin kan, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Arábìnrin wa, ẹ kú ìfaradà. Ibi méjì nínú ìwé Mátíù ni ó kan ọ̀rọ̀ yín. Ní orí 18, ẹsẹ 15, Jésù ní bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, kí o lọ bá a, ìwọ àti òun nìkan. Lẹ́yìn èyí ni a tó lè mú ẹnì kan tàbí méjì dání, ìjọ ni ó sì gbẹ̀yìn. Ìjọ ni ẹ̀yin fi ṣáájú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò gbèrò bẹ́ẹ̀. Ní orí 5, ẹsẹ 23 àti 24, ẹni tí ó mú ọrẹ wá síbi pẹpẹ tí ó sì rántí pé arákùnrin òun ní ohun kan sí òun ni a ní kí ó fi ọrẹ sílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Ẹ ṣàkíyèsí pé bí a bá ṣẹ̀ wá, àwa ni kí a lọ. Bí àwa ni a ṣẹ̀, àwa náà ni kí a lọ. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì ni ẹ wà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jẹ yín ní gbèsè owó, ẹ̀yin jẹ ẹ́ ní gbèsè orúkọ.

Ìdáhùn 2: Ìyá ọlọ́jà kan, Òkè-Fìà

Mo gbà pẹ̀lú arákùnrin yìí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi kún un. ₦45,000 kì í ṣe owó kékeré fún ẹni tí ń ra aṣọ funfun, aró àti sódà kí iṣẹ́ tó lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe lọ sọ pé ẹ ti fi jì í nígbà tí ọkàn yín ṣì ń ka owó náà, nítorí irú ìdáríjì bẹ́ẹ̀ a máa di kíkùn láàárín oṣù kan. Ẹ tọrọ àforíjì ní tiyín, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà mìíràn ni kí ẹ jọ sọ iye tí ó lè máa san lọ́sẹ̀. Ẹ má sì gba ìmọ̀ràn ẹni tí yóò ní kí ẹ gbé e lọ sí kóòtù. Ọ̀ràn yìí ni Pọ́ọ̀lù bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí lé lórí nínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́, orí 6, tí ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò kúkú gbà kí a rẹ́ wọn jẹ.

Ìdáhùn 3: Àgbà ìjọ kan, Òṣogbo

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n a kò tíì dá ìbéèrè rẹ̀ lóhùn. Nínú orí 11 lẹ́tà yẹn kan náà, ohun tí ó bí Pọ́ọ̀lù nínú ni pé bí wọ́n bá péjọ, ebi a máa pa ẹnì kan nígbà tí ẹlòmíràn ti mutí yó, a sì ń dójú ti àwọn tí kò ní. Síbẹ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó sẹ́yìn. Ní ẹsẹ 28 ó ní kí ènìyàn yẹ ara rẹ̀ wò, kí ó sì jẹ nínú àkàrà náà. Ní ẹsẹ 33 ó ní kí wọ́n máa dúró de ara wọn. Nítorí náà ẹ jẹ ẹ́, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé rẹ̀.

Ẹ̀bi kan tún wà tí n kò fẹ́ kí a gbójú fò. Àwọn tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ níbi àdúrà, tí wọ́n wá gbé e kiri àdúgbò, kò sí ẹni tí ó bá wọn wí. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ obìnrin ka lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí Fílémónì, gbogbo rẹ̀ kò ju ẹsẹ 25 lọ. Pọ́ọ̀lù ń bẹ̀bẹ̀ fún Onésímù, ẹrú tí ó ti kúrò lọ́dọ̀ Fílémónì ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ẹ̀bẹ̀ náà mọ sí ẹnu lásán: ó ní bí Onésímù bá jẹ Fílémónì ní gbèsè, kí ó kà á sí òun lọ́rùn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun yóò san án. Ẹgbẹ́ tí ń dá owó fún ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú kò ṣaláì lè bá arábìnrin kan gbé díẹ̀ nínú ₦45,000.

Aláàdìrẹ, Òkè-Baálẹ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará. Mo lọ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, èmi nìkan. Ẹnu ọ̀nà ni a dúró sí. Mo tọrọ àforíjì nítorí ohun tí mo sọ ní Ọjọ́rú yẹn, n kò sì mẹ́nu kan owó. Kò fọhùn títí mo fi fẹ́ máa lọ; nígbà náà ni ó wọlé, tí ó sì kó aṣọ mẹ́jọ tí kò tíì tà jáde. Ó ní láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti tàn kálẹ̀ ni ojú ti ń ti òun láti lọ sí Ọjà Ọba, nítorí àwọn ará ìjọ wa kan ń tajà níbẹ̀. Mo ní kí ó kó wọn padà sínú ilé. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti òun yóò jọ pàtẹ wọn fún títà níwájú ilé mi. N kò tíì mọ̀ bóyá yóò wá jẹ oúnjẹ náà pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n mo ti bá ìyá ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà sí Fílémónì.