Aṣọ rúùfù mọ́tò mi ti ń bọ́ sí mi lórí: gọ́ọ̀mù wo ni kí n lò?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Camry ọdún 2004 ni mò ń wà nílùú Ìbàdàn. Aṣọ rúùfù inú rẹ̀ ti rọ̀ débi pé ó ń kan fìlà mi. Ìyàwó mi fi pínnì gún un mọ́ òkè, ó wá dà bí àgọ́ òde ìnáwó.

Ní Sátidé, mo ṣí i díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Fóòmù tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn aṣọ náà ti di ìyẹ̀fun, ó ń dà sí mi lójú. Fóòmù ló jẹrà, kì í ṣe gọ́ọ̀mù nìkan, nítorí náà mi ò ní lẹ aṣọ àtijọ́ padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé gọ́ọ̀mù àwọn ṣọbàtà, èyí tí wọ́n ń fi pa ojú méjèèjì kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, lè fara da ooru mọ́tò tó wà lóòrùn látàárọ̀? Àbí kí n ra ti inú agolo tí wọ́n ń fọ́n? Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ gba inú aṣọ yọ síta, kó dá àbàwọ́n sí i. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn kápẹ́ńtà ni oníṣẹ́ kan fi lẹ ara ilẹ̀kùn fún mi. Oòrùn ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó ti ṣí.

Lẹ́dà wù mí, àmọ́ ó wúwo fún òkè. Aṣọ tó ní fóòmù lẹ́yìn ni mo fẹ́ rà. Èló ni wọ́n ń ta ọ̀pá kan báyìí?