Etí òkun àti òkúta tí wọ́n dà síbẹ̀: ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Tarkwa:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Tarkwa Bay ni wọ́n bí mi sí, ní ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Èkó. Orí Mole, ògiri òkúta tó nà wọ inú òkun, la máa ń jókòó sí fi ìwọ̀ pẹja nígbà tí a wà lọ́mọdé. Mo rò pé Ọlọ́run ló kó o síbẹ̀. Bàbá mi ló là mí lóye pé iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni. Iyanrìn ló dí ẹnu ọ̀sà láyé àtijọ́, ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé, ìyẹn ni àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í da òkúta sínú òkun ní 1908.

Ẹ̀yìn ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ìyókù. Òkun wa kì í dúró sójú kan. Láti ìwọ̀-oòrùn ló ti ń ru iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn, tọ̀sán tòru, bí aláàárù tí kì í sinmi. Mole wá dábùú ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló ń sọ ẹrù sí, ni Lighthouse Beach ṣe ń fẹ̀ sí i, tí inú wa ń dùn. Bó bá wá kọjá sí òdìkejì ẹnu ọ̀sà lọ́wọ́ òfo, yóò wá òmíràn rù. Bar Beach ló bá níbẹ̀. Ó jẹ ẹ́ wọlé ju kìlómítà kan lọ.

Okun Alfa ni àbúrò màmá mi ń gbé, níwájú síi ní ìlà-oòrùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kí wọn, ìrìn díẹ̀ ni láti ilé wọn dé etí omi, igi àgbọn lọ́tùn-ún lósì. Ní 2013 tí mo padà lọ, wọ́n nawọ́ sí àárín ìgbì, wọ́n ní, “Ilé ìdáná mi nìyẹn.” Mi ò rí èsì fọ̀. Àwọn ará abúlé ní ògiri òkúta tuntun tí wọ́n ń kọ́ nítòsí ló lé ìgbì wá bá àwọn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju ògiri yẹn lọ, Mole ti wà kí wọ́n tó bí ìyá wa. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí n ó bá àǹtí mi jiyàn? Iyanrìn tí mo fi ń kọ́ ilé eré ní Lighthouse Beach, ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ.

Ará Kétu:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrójú. Cotonou ni mo ń gbé. Bàbá àgbà mi ṣe aláàárù ní wharf àtijọ́ tí àwọn Faransé kọ́, afárá tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ òkun. Ẹsẹ̀ irin ló dúró lé, omi àti iyanrìn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ nígbà yẹn pé òkun gba ilé ẹnikẹ́ni. Àmọ́ iṣẹ́ ibẹ̀ le, ìgbì máa ń dojú ọkọ̀ tó ń kó ẹrù dé. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, wọ́n kọ́ pọ́ọ̀tù, wọ́n fi òkúta dí iyanrìn lọ́nà. Láti ìgbà náà ni òkun ti ń jẹ Akpakpa, àdúgbò wa.

Yàrá méjì ló bá tèmi lọ. Òru ni, a gbọ́ tí ilẹ̀ ń dún lábẹ́ ẹní. Àwọn ọmọ àti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó mi nìkan la rí gbé jáde. Wọ́n ti to òkúta síbẹ̀ báyìí, iyanrìn sì ti ń padà. Mo dúpẹ́. Ọkàn mi kò kàn balẹ̀ ni, torí abúlé àwọn àna mi ló wà lẹ́yìn òkúta tó kẹ́yìn.

Ọmọ Ayétòrò:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, orí ẹsẹ̀ igi ni àwọn bàbá wa tẹ Ayétòrò, ìlú wa ní etí òkun Oǹdó, dó sí ní 1947, pákó ni títì wa. Òkúta kankan ò sí lọ́dọ̀ wa. Wọ́n gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde, wọ́n gbowó rẹ̀, a ò rí iṣẹ́. Sàárè bàbá mi ti wà nínú omi.

Láti ọjọ́ yìí wá ni mo ti ń gbàdúrà kí wọ́n wá da òkúta. Ọ̀rọ̀ yín yìí wá bà mí lẹ́rù. Bí wọ́n bá dà á fún wa lọ́la, ta ni òkun yóò kọjú sí?