Ẹní tí mo ní kí ọmọ mi rù síta

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń tọ̀ọ̀lé. Kí ẹ tó bú mi, ẹ gbọ́ ọ tán.

Ọmọ ọdún 7 ni Àkànní nígbà tí a kó kúrò ní Òṣogbo wá sí Ìbàdàn. Ọwọ́ ìyá mi ló ti dàgbà, kò sì tọ̀ sílé mọ́ láti ọmọ ọdún 3. A ò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ilé tuntun tí ẹní bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Mo kọ́kọ́ ní omi tó mu lálẹ́ ni. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo fà pàṣán yọ. Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo ní kó ru ẹní rẹ̀ síta, kó lọ sá a sórí okùn níwájú ilé, níbi tí gbogbo ayálégbé ti ń pọn omi. Àwọn ọmọ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́: "Atọ̀ọ̀lé! Atọ̀ọ̀lé!" Kò sunkún. Etí ẹní yẹn ló ń tún ṣe lórí okùn, ó ń tún un ṣe, àfi bíi pé tó bá gún régé, wọn á dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà, kò bá wọn ṣeré mọ́. Títọ̀ wá di ojoojúmọ́.

Mo mú un lọ bá nọ́ọ̀sì. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n bèèrè bóyá ìgbẹ́ rẹ̀ ń le. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n wá kọjú sí mi: ọmọ tó ti jáwọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀, kí ló yí padà nílé yín? Wọ́n ní kíkó kúrò nílé, àbúrò tuntun, ìjà bàbá àti ìyá, gbogbo rẹ̀ ló lè fà á. Àti pé ojú oorun ni, ọmọ ò mọ̀gbà tó ń tọ̀. Kí wá ni pàṣán fẹ́ ṣe sí i?

Mo pe ìyá mi. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní kí n gbé fóònù sí i létí, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀: "Àkànní ọkọ mi..." Láti ìgbà tí a ti dé Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó ń fi oríkì rẹ̀ kì í láàárọ̀ mọ́. Orúkọ tó ń jẹ́ nílé-ìwé ni mo fi ń lé e dìde kí ọkọ̀ má baà já wa sílẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Ìyá mi ló sọ ọ́ fún, kì í ṣe èmi: ẹ̀yìnkùlé ni ṣáláńgá wà, kò síná níbẹ̀, ọmọ kan sì ti sọ fún un pé iwin ń gbé inú rẹ̀.

Mo ra póò oníke àti tọ́ọ̀ṣì kékeré. Oríkì ni mo fi ń jí i báyìí. Mi ò mọ̀ ọ́n kì dáadáa, òun ló máa ń tún un ṣe fún mi. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ẹní tó gbẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọjọ́ Sátidé yẹn. Ó ní, "Ó ti tán, Mọ́mì." Ṣùgbọ́n títí dòní, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sá aṣọ.

*

Ìyá Àkànní, ẹ ṣeun tí ẹ ò fi bò. Èmi alára tọ̀ọ̀lé títí mo fi pé ọdún 10. Ìyá bàbá mi so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ mi nídìí lálẹ́ ọjọ́ kan, pé òun ni oògùn rẹ̀. Mi ò lè sùn, mi ò sì tọ̀. Ni wọ́n bá ní oògùn ti jẹ́! Nígbà tí ọmọ tèmi náà bẹ̀rẹ̀, dókítà ní ó máa ń bá ìdílé rìn. Mo pe ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sọ ti ọ̀pọ̀lọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní, "Dádì, ọ̀pọ̀lọ́ yẹn ńkọ́, ṣé òun rí oorun sùn?"