Sàlẹ́ńsà tuntun sọ ọ̀kadà mi di ìbọn

Ẹ̀yin ọlọ́kadà ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ tèmi náà. Sàlẹ́ńsà mi, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, ti dógùn-ún, wẹ́dà ti jó o títí ó fi sú u. Mo bá ra òmíràn, èyí tí inú rẹ̀ ṣófo gbáú. Ohùn rẹ̀ dùn mọ́ mi, n ò ní purọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wàhálà dé. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Mápó, bí mo ṣe dẹwọ́ iná ló yìnbọn: tàù! tàù! Màmá tí mo gbé sẹ́yìn fò sókè, ó dì mọ́ mi lọ́rùn. Tó bá sì tún di ká gun òkè, mo fún un níná títí, yóò kàn máa wúkọ́ ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mẹkáníìkì mi yí súkúrúù kàbúrétọ̀, ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbowó. Kò tú pílọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo wò rárá! Ìyẹn ló dùn mí jù.

Èmi fúnra mi ni mo tú u nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ẹnu rẹ̀ funfun bí ẹfun: epo ò tó nìyẹn. Tó bá dúdú bí èédú, epo ló pọ̀ jù. Àwọ̀ bíi ti kọfí là ń wá. Sàlẹ́ńsà tuntun ń jẹ́ kí èéfín tètè jáde, atẹ́gùn ń rọ́ wọlé, epo tí jẹ́ẹ̀tì (ìdè kékeré oníhò inú kàbúrétọ̀ tí epo ń gbà kọjá) ń gbé wá kò sì tó o mọ́. Mo ra jẹ́ẹ̀tì tí nọ́ńbà ara rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, torí bí nọ́ńbà bá ṣe ga ni ihò ṣe ń fẹ̀. Ó gun òkè wàyí.

Àmọ́ ìbọn ò tán. Ìgbà tí mo tẹjú mọ́ ibi tí sàlẹ́ńsà ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì ni mo rí èédú tó ń tú jáde níbẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́, òrùka tó ń dí ojú ìsopọ̀ yẹn, tó ti já ni wọ́n dá padà síbẹ̀! Atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń bá epo tí kò jó tán pàdé nínú páìpù gbígbóná. Mo pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó fọwọ́ kan súkúrúù kàbúrétọ̀ yẹn. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, mo pa á, mo yí súkúrúù wọlé jẹ́jẹ́ títí ó fi jókòó (ẹ má fagbára tì í o, ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́), mo yí i jáde ní ìyípo kan àbọ̀. Mo tan ẹ́ńjìnnì padà, mo ń fi díẹ̀díẹ̀ yí i láti wá ibi tí ohùn rẹ̀ ti lọ geere. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìyípo méjì. Mo wá dín sílò rẹ̀ kù, ìyẹn bó ṣe ń sáré tó nígbà tí n ò fún un níná.

Màmá yẹn ṣì ń bá mi lọ sọ́jà. Kó tó gun ẹ̀yìn mi, á ní: "Ọmọ mi, ṣé o ti kó ìbọn ẹ sílé?"