Ìjẹ wo ló ń dúró lẹ́nu ìwọ̀ létí òkun, tí kò sì ní ṣe ẹyẹ àti ìjàpá òkun léṣe?

Ọmọ Etídò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí ìwọ̀. Orí yanrìn ni mo ti ń pẹja, mi ò wọ ọkọ̀. Ọ̀pá mi gùn tó mítà 3.6, okùn orí ríìlì mi jẹ́ náílọ́ọ̀nù tó lè gbé kìlò 7, òjé gíráàmù 112 ni mo ń so mọ́ ọn. Ìwọ̀ tó rí bíi lẹ́tà J, nọ́ńbà 1/0, ni mò ń lò. Sàdíìnì sì ni ìjẹ mi.

Wàhálà mi rèé. Bí mo bá ju ìwọ̀, sàdíìnì á já bọ́ lójú òfuurufú, ìwọ̀ lásán lá á balẹ̀ sómi. Àwọn ẹja kéékèèké tó yẹ kí n dá padà ti máa ń gbé ìwọ̀ mì dé ìsàlẹ̀ ọ̀fun kí n tó fà wọ́n dé èbúté. Àwọn ẹyẹ òkun náà ń já lu ìjẹ kó tó rì. Ìjàpá òkun sì máa ń gòkè wá yé ẹyin ní etíkun yìí, ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ fi ìwọ̀ kọ́ ọ̀kan. Ìjẹ wo ni kí n lò, báwo ni kí n sì ṣe dì í?

Bàbá Oníjẹ:
Àbúrò, sàdíìnì kò ṣẹ̀, bí o ṣe ń dì í ló kù díẹ̀ káàtó. Òróró ara rẹ̀ ló ń mú kí òórùn rẹ̀ rìn jìnnà nínú omi, ṣùgbọ́n ẹran rẹ̀ rọ̀ jù láti dá ìwọ̀ dì mú. Awọ ló ń di ìwọ̀ mú. Fi ọ̀bẹ mímú gé ẹran ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò lára eegun pẹ̀lú awọ, kó fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 2, kó gùn tó 7. Ti ìwọ̀ gba ojú ẹran jáde lójú awọ, yí i, tún ti í gba ojú awọ padà, kí ṣóńṣó rẹ̀ yọ síta gbangba. Lẹ́yìn náà, mú òwú rọ́bà tínrín tí wọ́n fi ń di ìjẹ, wé e láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ìgbà 10 sí 15. Má ta kókó. Fa òwú náà títí tí yóò fi já fúnra rẹ̀, yóò lẹ̀ mọ́ ara wọn. Má ṣe wé e bo ṣóńṣó ìwọ̀ o. Ẹni tó bá wé e bò ó, ọ̀pá á máa mì, kò sì ní rí ẹja kankan fà wá sókè.

Sàdíìnì tó ṣì dì díẹ̀ ló rọrùn jù láti gé. Èyí tí oòrùn ti pa, tí ikùn rẹ̀ ti bẹ́, kò sí òwú tó lè gbà á là.

Bí akàn àti ẹja wẹ́wẹ́ bá pọ̀ nínú omi, wọ́n á ti jẹ sàdíìnì tán kí ẹja gidi tó dé. Ìgbà náà ni squid, ẹ̀dá òkun ẹlẹ́ran rírọ̀ tó ní ọwọ́ púpọ̀, wúlò. Bó awọ rẹ̀, gé ẹran funfun rẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́, kó fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 1, kó gùn ní 8, gún un lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ìdí rẹ̀ máa fì. Ó le, ó ń pẹ́ lẹ́nu ìwọ̀, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kò tó ti sàdíìnì. Èmi fara mọ́ kí a pa méjèèjì pọ̀: sàdíìnì nínú, squid tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, òwú rọ́bà lórí wọn.

Edé náà dára. Gé abẹ̀bẹ̀ ìdí rẹ̀ kúrò kó má baà máa pòòyì nínú afẹ́fẹ́, torí pípòòyì yẹn ló ń lọ́ okùn ìwọ̀ pọ̀. Ti ìwọ̀ wọlé láti ibi tí o gé, kí o tẹ̀ ẹ́ lọ gba inú ẹran rẹ̀, kí ṣóńṣó yọ lábẹ́ ikùn. Pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20, kódà bí ohunkóhun kò bá jẹ ẹ́, torí omi ti fọ òórùn rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ pípa ìjẹ mọ́: má jẹ́ kí omi yìnyín tó ń yọ́ kan ìjẹ. Omi tí kò níyọ̀ máa ń sọ ẹran ẹja òkun di funfun, á sì rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Kó ìjẹ sínú ọ̀rá tí a ti ẹnu rẹ̀ pa, kí ọ̀rá wà lórí yìnyín. Bí o bá fẹ́ kí ó le sí i, tẹ́ iyọ̀ oníhóró sínú abọ́, to ìjẹ lé e lórí, da iyọ̀ mìíràn bò ó títí tí o kò fi ní rí ìjẹ mọ́, gbé e sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì, kí o wá da omi tó ṣàn jáde nù. Iyọ̀ ń fa omi ara ìjẹ jáde, ìdí nìyẹn tó fi ń le.

Bí o bá ń wá ìjẹ fúnra rẹ létíkun, mú ìwọ̀nba tí o máa lò. Akàn tó gbé ọ̀wọ́ ẹyin bíi kànrìnkàn sábẹ́ ikùn, dá a padà lójú ẹsẹ̀. Òkúta tí o bá yí, yí i padà sí bó ṣe wà, torí àwọn ohun tó ń gbé abẹ́ rẹ̀ á kú bí oòrùn bá ń pa wọ́n. Ihò tí o gbẹ́ wá ekòló òkun, dí i.

Ẹlẹ́mùú:
Bàbá ti sọ ti ìjẹ. Èmi máa sọ ti ẹja tó ń gbé ìwọ̀ mì, torí ìwọ̀ J yẹn ni ìdí.

Ra irú èyí tí wọ́n ń pè ní circle hook, tí ṣóńṣó rẹ̀ tẹ̀ padà kọjú sí igi ìwọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹja bá gbé e mì, tó sì yí padà lọ, okùn á fa ìwọ̀ náà gba ọ̀nà ọ̀fun bọ̀ láìgún ibẹ̀, torí inú ni ṣóńṣó kọjú sí. Ìgbà tó bá dé igun ẹnu ló máa yí, tó sì máa kọ́. Nítorí náà, má ṣe já ọ̀pá sókè wuyà bí o ti ń ṣe fún ìwọ̀ J. Ẹni tó bá já ọ̀pá á fa circle hook jáde kúrò lẹ́nu ẹja ni. Bí ọ̀pá bá tẹ̀, tó sì dúró bẹ́ẹ̀, máa yí ríìlì jẹ́ẹ́jẹ́ títí tí okùn á fi le.

Kí o tó rà á, gbé e lé tábìlì tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bó bá sùn gbalaja, òun nìyẹn. Bí ṣóńṣó rẹ̀ bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, má rà á, àǹfààní tí à ń wí yìí ti dín kù púpọ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí kò dọ́gba láàárín ilé iṣẹ́ kan sí èkejì, àlàfo tó wà láàárín ṣóńṣó àti igi ìwọ̀ ni kí o máa wò. Ìjẹ kò gbọ́dọ̀ dí ju ìdajì àlàfo náà lọ.

Ẹ̀gún kékeré tó wà lẹ́yìn ṣóńṣó, fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gún ìwọ̀ náà mọ́ àkísà, kí o fà á: bó bá jáde láìfa òwú, ó ti tó. Kò ní jẹ́ kí ẹja já bọ́ bí okùn bá le. Okùn tó dẹ̀ ló ń sọ ẹja nù, òun náà ló sì ń fún un láyè láti gbé ìjẹ mì. Má gbé ọ̀pá dúró kí o lọ jókòó sí ẹ̀yìn.

Bí ìwọ̀ bá ti wọ ọ̀fun lọ, má fi ẹ̀mú wá a kiri. Gé okùn súnmọ́ ẹnu ẹja bó bá ti lè ṣeé ṣe, kí o dá a padà. Ẹja tí a fi ìwọ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ ní ìrètí ìyè ju èyí tí a fa ìwọ̀ yọ láti inú ọ̀fun rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí o lo ìwọ̀ irin tí kì í dípẹtà. Ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ tutù kí o tó di ẹja mú, torí yíyọ̀ tó wà lára rẹ̀ ló ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àrùn. Yanrìn gbígbẹ ń bó o kúrò. Má gbé e rọ̀ lẹ́nu, fi ọwọ́ kejì ti ikùn rẹ̀.

Ọmọ Etídò:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan tún kù. Òjé mi máa ń há sáàárín òkúta, okùn á sì já gígùn sínú omi. Ẹnì kan ní kí n so òjé mọ́ okùn tínrín, kó lè jẹ́ pé òjé nìkan ni yóò já. Ṣé ó dáa?

Àgbà Ìgbì:
Kò dáa bó ṣe sọ ọ́ yẹn. Bí o bá fi gbogbo agbára ju òjé gíráàmù 112 lórí okùn tínrín, yóò já lẹ́nu jíjù, á sì fò bí ọta. Ẹni tó bá bá pàdé kò ní wà láyè sọ ọ́.

Kódà okùn kìlò 7 tí o ń lò yìí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣé kò sí okùn nípọn níwájú rẹ̀? Ìṣirò tí a ń lò ni kìlò 4.5 fún gíráàmù 28 òjé kọ̀ọ̀kan. Gíráàmù 112 jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, nítorí náà, okùn iwájú gbọ́dọ̀ lè gbé kìlò 18. Kí ó gùn tó mítà 8 fún ọ̀pá rẹ, kí ó lè yí ríìlì ní ìgbà márùn-ún ó kéré tán bí o bá ti gbáradì láti jù ú. Máa fọwọ́ ra á kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tó bá ha ọ́ lọ́wọ́ bí ayùn, gé e kúrò.

Ní ti òjé tó ń há, ìkọ́ ìtúsílẹ̀ kan wà tó ń di òjé mú lórí okùn nípọn nígbà tó wà lófuurufú. Bó bá ti kan omi, ìkọ́ náà á ṣí, òjé á wá rọ̀ sórí okùn tínrín kìlò 4 tàbí 5. Bó bá há, òjé nìkan lo pàdánù. Bí o kò bá rí i rà, lo òjé kékeré, kí o sì jù ú jẹ́ẹ́jẹ́.

Kí ló dé tí o fẹ́ jù ú jìnnà pàápàá? Wo ibi tí ìgbì ti ń fọ́ funfun: yanrìn ga níbẹ̀. Láàárín ibẹ̀ àti èbúté, ibi tí omi ti dúdú díẹ̀ tí kò sì hó, kòtò ni, ibẹ̀ ni oúnjẹ ń kó jọ sí, tí ẹja sì ń rìn. Ó lè má ju mítà 20 sí ẹsẹ̀ rẹ lọ. Dé ibẹ̀ ní wákàtí méjì kí omi tó kún tán, kí o dúró di bíi wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá jù ú jẹ́ẹ́jẹ́ sínú kòtò yẹn, sàdíìnì náà kò ní já bọ́.

Ẹlẹ́yẹ Omi:
Mo bá Bàbá Oníjẹ jiyàn díẹ̀ lórí squid. Nínú iṣẹ́ àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń ta okùn gígùn oníwọ̀ púpọ̀, a ti rí i pé circle hook ńlá pẹ̀lú ẹja tí a fi ṣe ìjẹ dípò squid ń dín iye ìjàpá òkun tó ń há kù. Akàn náà sì jẹ́ oúnjẹ irú ìjàpá òkun kan tí orí rẹ̀ tóbi. Ní àsìkò tí wọ́n ń yé ẹyin, ẹja gígé ni kí o dì mọ́ ìwọ̀, sàdíìnì rẹ yẹn náà ti tó. Bí o bá rí orí ìjàpá tó yọ lójú omi láti mí, fa okùn rẹ wọlé kí o sún lọ síbòmíràn. Lálẹ́, fìtílà pupa tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ ni kí o lò, torí iná funfun ń da ìyá tó ń gòkè láàmú, ó sì ń ṣi àwọn ọmọ tuntun lọ́nà sí ìgbẹ́ dípò òkun.

Bí ìjàpá bá há, má fi okùn gbé e sókè, ìwọ̀ á ya á lẹ́nu. Fi àwọ̀n tàbí ọwọ́ dì í mú ní ẹ̀gbẹ́ èèpo rẹ̀. Kàn sí àwọn tó ń bójú tó ẹranko òkun ní àgbègbè rẹ. Bí ìwọ̀ bá wà níta tó sì rọrùn, yọ ọ́. Bó bá wà nínú ọ̀fun, má fà á. Bí kò bá sí ẹni tó lè wá, gé okùn kó kúrú bó bá ti lè kúrú tó.

Ẹyẹ ńkọ́? Máa wo òkè kí o tó ju ìwọ̀, má sì da èérún ìjẹ sómi, torí òun ló ń kọ́ wọn láti dúró tì ọ́. Bí ọ̀kan bá há, má gé okùn. Ẹyẹ tó bá fò lọ pẹ̀lú okùn á há sórí igi, ibẹ̀ ni yóò kú sí. Rọra fà á wọlé, fi àwọ̀n gbé e, da táwẹ̀lì bò ó lórí, kó apá rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara. Bo ojú rẹ, torí ojú ni wọ́n ń sọ. Di àgógó rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n má pa á dé pátápátá: àwọn kan bíi òfú kò ní ihò imú níta, ẹnu ni wọ́n fi ń mí. Tí ìwọ̀ bá wà nínú awọ, ti ṣóńṣó rẹ̀ jáde, gé ẹ̀gún rẹ̀ kúrò, kí o wá fà á padà síbi tó gbà wọlé. Ìwọ̀ tí o ti tẹ̀ ẹ̀gún rẹ̀ mọ́lẹ̀ á kàn jáde lásán.

Ọmọ Etídò:
Ẹ ṣeun. Ìjẹ tó kù àti àjákù okùn, ṣé kí n kó wọn délé ni?

Ẹlẹ́yẹ Omi:
Bẹ́ẹ̀ ni. Náílọ́ọ̀nù lè wà nínú omi fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kó tó jẹrà. Gé e sí wẹ́wẹ́, kó má gùn ju sẹ̀ńtímítà 30 lọ, kó má baà kọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ kan lórí ààtàn, kí o sì tì í sínú ìgò tó ní ìdérí. Ekòló òkun tí wọ́n bá tà fún ọ pẹ̀lú koríko òkun yí i ká, má dà wọ́n sómi rárá, àti ekòló àti koríko, torí àwọn ẹ̀dá àjèjì lè wà nínú rẹ̀ tí yóò gba ilé lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀. Inú ọ̀rá ìdọ̀tí ni kí o dà wọ́n sí. Sàdíìnì tó kù, bí kò bá tíì rọ̀, iyọ̀ tí Bàbá wí ni kí o dà bò ó.