Ṣé pátákó yẹn kò lè gba Jack àti Rose ni?

Ìbéèrè
Ẹ kú àsìkò yìí o. Lórí fíìmù Titanic tí James Cameron gbé jáde lọ́dún 1997 ni mo fẹ́ bèèrè. Nígbà tí ọkọ̀ rì tán, Rose dùbúlẹ̀ sórí pátákó, Jack wà nínú omi títí ó fi kú. Lójú mi, àyè ẹni méjì wà níbẹ̀. Kí ló dé tí kò gbà wọ́n? Kí ló sì pa àwọn tó wọ jákẹ́ẹ̀tì agbẹ̀mílà, tí wọn kò rì?

Ìdáhùn 1
Ìwúwo ni, kì í ṣe àyè. Ẹ padà wo ibẹ̀: Jack gbìyànjú láti gùn ún, pátákó dojú dé, àwọn méjèèjì bọ́ sómi. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Igi líle tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní mítà kọ̀ọ̀kan lè wọn kìló 700. Omi òkun tó kún àyè kan náà á wọn nǹkan bíi 1,025. Ká ní pátákó gùn ní mítà 2, ó fẹ̀ ní mítà 1, ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10, kìló 65 péré ló lè gbé kó tó wọ abẹ́ omi. Ẹnì kan nìyẹn. Bí ẹni kejì bá gùn ún, omi á bo àwọn méjèèjì.

Ìdáhùn 2
Òtútù ló pa ọ̀pọ̀ wọn. Omi náà tó -2°C. Iyọ̀ inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó dì. Láàárín ìṣẹ́jú 1 sí 3 àkọ́kọ́, èèyàn á máa mí gúlegúle láìfẹ́, bí omi bá bo ẹnu rẹ̀ nígbà náà, á fà á sínú. Tó bá tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ìka á gan, kò ní lè di nǹkan mú mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò bá tètè gun pátákó kò fi ní lè gùn ún mọ́ rárá. Àárín ara ló máa ń pẹ́ jù kó tó tutù. Jákẹ́ẹ̀tì ń gbé orí sókè ni, kì í lé òtútù.

Ìdáhùn 3
Ìṣirò yẹn dára, àmọ́ kò tíì parí. Lọ́dún 2023, Cameron fúnra rẹ̀ àti National Geographic, iléeṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù nípa sáyẹ́ǹsì, gbé èèyàn méjì tó dúró fún Jack àti Rose sínú omi tútù, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ wọn lára. Nígbà tí wọ́n jókòó tí àyà àwọn méjèèjì yọ sókè omi, ẹni tó dúró fún Jack pẹ́ sí i kí òtútù tó borí rẹ̀. Bí Rose bá tún fún un ní jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó ṣeé ṣe kó yè. Ẹ rántí pé omi ń bá pátákó gbé apá ara tó bá wà lábẹ́ omi. Àwọn tó jókòó báyẹn kò gbé gbogbo ìwúwo wọn lé e.

Èyí tó ń dun èmi ni àwọn ọkọ̀ agbẹ̀mílà inú Titanic gidi. 20 ni wọ́n, àyè èèyàn 1,178, nígbà tí èèyàn tó lé ní 2,200 wà nínú Titanic. Àyè yẹn gan-an kò kún: ọkọ̀ kìíní tó lè gba 40, èèyàn 12 ló gbé lọ. Harold Lowe, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá inú Titanic, padà pẹ̀lú ọkọ̀ kẹrìnlá láti wá àwọn tó wà lómi, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ kó èrò rẹ̀ sí ọkọ̀ mìíràn, ó sì dúró kí igbe dínkù, kí àwọn tó wà lómi má bàa dojú ọkọ̀ dé. Ẹni 4 péré ló rí fà jáde láàyè, ọ̀kan nínú wọn tún kú.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé Jack gbé ayé rí?

Ìdáhùn 1
Rárá, òun àti Rose, àròkọ ni. Jack Dawson lorúkọ Jack nínú fíìmù. Sàréè “J. Dawson” wà ní itẹ́ òkú Fairview Lawn ní Halifax, ní Kánádà, lóòótọ́, àmọ́ Joseph Dawson, òṣìṣẹ́ ìdí èédú inú ọkọ̀ náà, ni wọ́n sin síbẹ̀.